Ìwé Ìsinmi Tí Àǹtí Oníwèé Yàn fún Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó ni ìtàn yìí ló ní kí n kọ ọ́ síta. Ó ní kí n má fi oyin sí i rárá. Ó ní bí ojú bá máa ti òun, kí ó kúkú ti òun dáadáa, bóyá ẹnì kan lè ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n.

Àǹtí Oníwèé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kékeré kan nísàlẹ̀ ilé tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé. Òun ló tọ́ àbúrò náà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Kò ní ọkọ, kò bímọ, àbúrò yìí ni gbogbo ẹni tó ní.

Ìwé tó ń tà kì í ṣe èyí tó ń fọ́ni lórí. Ìtàn amóríyá ni: ìtàn ìfẹ́, ìtàn ẹ̀rín, ìtàn ọlọ́pàá tó ń lé olè kiri tí ẹnikẹ́ni kò sì kú níbẹ̀. Bí àkókò ìsinmi bá ti dé báyìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gba lífù, ẹ ò ní rí àyè dúró nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Àǹtí, mò ń lọ sinmi. Kí ni kí n kà?"

Kì í dá wọn lóhùn kíá. Á kọ́kọ́ wò wọ́n lójú dáadáa. "Ta lẹ fẹ́ bá lọ? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ọ̀gá yín yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jágbe mọ́ yín?" Bí wọ́n bá ti ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa wá ìwé tó bá wọn mu lórí pẹpẹ.

Téèpù ló fi ń ṣe àmì. Á gé e wẹ́wẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Búlúù jẹ́ ti ẹni tó ti rẹ̀, tó kàn fẹ́ rẹ́rìn-ín. Pupa jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ kí ìfẹ́ tún máa gbọ̀n òun bíi ti ọmọge. Yẹ́lò wà lọ́tọ̀, lẹ́yìn káńtà. Nínú àwọn ìwé yẹ́lò, obìnrin kan á kó ẹrù rẹ̀, á fi ọkùnrin sílẹ̀, ayé rẹ̀ á sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í fún gbogbo èèyàn. Obìnrin tí ojú rẹ̀ bá wú, tó ń sọ pé òun ṣubú ní bálùwẹ̀, òun ni Àǹtí Oníwèé máa ń rọra nawọ́ sẹ́yìn káńtà fún.

Àwọn oníbàárà tó ti pẹ́ mọ ìtumọ̀ àwọ̀ wọ̀nyí. Àbúrò rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, òkè ló ń gbà lọ tààrà, ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì gbé sórí tábìlì ló máa ń kà.

Nígbà tó yá, àbúrò rí ọkọ.

Ẹnjiníà ni ọkùnrin náà, afárá ló ń kọ́. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé, ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ abẹ́ tábìlì wò, ó sì ká bébà tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Àǹtí Oníwèé wá àbùkù lára rẹ̀ títí, kò rí, ìyẹn gan-an ló wá ń bí i nínú. Ìlú tó jìnnà gan-an ni iṣẹ́ tuntun Ẹnjiníà wà. Bí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó tán, ìyàwó yóò bá a lọ.

Láti ọjọ́ tí òrùka ti wọ ìka àbúrò ni ìdí Àǹtí Oníwèé kò ti gbélẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde. Á to ìwé kan sókè, á tún kó o wá sísàlẹ̀. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ á já, bíi pé ẹni tó ń lọ ni kì í ṣe ẹni tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú yín dùn sí i?" àbúrò bi í lọ́jọ́ kan.

"Inú mi dùn kẹ̀! Kí ló máa ba inú mi jẹ́?"

"Ó kàn ń ṣe mí bíi pé ẹ ò gbádùn."

"Ooru ni. Lọ jẹun."

Ẹ gbọ́ irọ́! Ká ní ó sọ òtítọ́ níbẹ̀ yẹn, ìtàn yìí ò bá tí délé yín.

Kí ìgbéyàwó tó dé, àbúrò gba lífù. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sinmi ní ilé àlejò kan létí òkun. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fara ti káńtà bíi ti gbogbo oníbàárà.

"Àǹtí, mò ń lọ sinmi. Kí ni kí n kà?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Irú èwo lo fẹ́?"

"Èyí tí kò ní jẹ́ kí n ronú rárá. Orí mi ti kún. Ẹ̀yin ẹ mọ èyí tó dáa fún mi."

Ó sáré padà sókè lọ múra. Ọwọ́ Àǹtí Oníwèé ti wà lórí ìwé búlúù. Ìwé tó dáa ni, ti ìyá àgbà kan tó jí ọkọ̀ akóìdọ̀tí gbé. Ó ti fà á yọ dé ìdajì nígbà tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ látòkè.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Àpótí ńlá yìí, mi ò ní mú un lọ sí etí òkun o. Ẹ jẹ́ n gbé e pa mọ́ fún ìrìn àjò wa!"

*Wa.* Ìyẹn òun àti Ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un láyà.

Ó ti ìwé búlúù padà. Ó wẹ̀yìn, ó wo pẹpẹ yẹ́lò. Ó wo ojú títì, bíi pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ. Ó tún ilé tò díẹ̀, ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú yẹ́lò kan. Nígbà tó mú kan tán, ó mú òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

"Ìwé lásán ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ta ni ìtàn ìfẹ́ ti ṣe ní jàǹbá rí? Bó bá fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lóòótọ́, kò sí ìwé tó máa yí i lọ́kàn padà."

Ó rántí téèpù. Ó fi èékánná họ ti àkọ́kọ́ kó lè bó o. Téèpù náà ń bó, àmọ́ ó ń fa awọ ìwé tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ń ya. Ẹ ò mọ àwọn tó ń tàwé. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó lè ba ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ jẹ́, àmọ́ kò lè ba ẹ̀yìn ìwé jẹ́. Ó fi téèpù náà sílẹ̀ pẹ̀lú etí tó ti ká, ó sì di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí báàgì àbúrò rẹ̀ lábẹ́ tówẹ́ẹ̀lì.

Ìpè àkọ́kọ́ wọlé kété tí wọ́n débẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé yìí dùn! Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi. Obìnrin inú ẹ̀ yẹn, ó gbójú o!"

"Ṣé o ti ń gbádùn?"

"Gan-an ni."

Inú Àǹtí Oníwèé dùn, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ló ń fò sókè. Ó ta ìwé pupa fún bàbá tó fẹ́ ìwé ẹ̀rín, ó fún oníbàárà kan ní ìwé tó ti rà lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn.

Ìpè kejì kò ní ẹ̀rín nínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Pé ẹni tó yẹ òun ni òun fẹ́ fẹ́. Obìnrin inú ìwé kejì yẹn, òun náà rò pé òun mọ̀."

Àǹtí Oníwèé ṣì lè sọ̀rọ̀. Ó lè ní, "Jù ú nù, ìwé burúkú ni." Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tó sọ ni: "Fara balẹ̀. Ka ìkẹta."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ta á lára jù títí di òní. Ó ní ti báàgì, òun lè pe ìyẹn ní ìwà òmùgọ̀. Ti "ka ìkẹta", òun ò rí orúkọ tóun lè fún un.

Kí lífù tó parí, àbúrò ti bọ́ òrùka. Orí fóònù ló ti sọ ọ́ fún Ẹnjiníà. Nígbà tó délé, ó gbé báàgì kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ibùsùn.

Àǹtí Oníwèé ti rò pé inú òun á dùn. Ó sì dùn, fún ìwọ̀nba ìgbà tí omi fi hó. Lẹ́yìn ìyẹn ló rí àbúrò rẹ̀ tó ń wo ògiri, tó ń fi àtàǹpàkò pa ìka tí òrùka ti wà tẹ́lẹ̀. Bó bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó. Àwọn méjèèjì wá wà nínú ilé, ilé sì dákẹ́ ju bó ṣe ń bà á lẹ́rù pé yóò rí lọ.

Ẹnjiníà wá bẹ̀bẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé.

"Ṣáà sọ ohun tí mo ṣe."

"O ò ṣe nǹkan kan," àbúrò dáhùn. "Gba àwọn ìwé yìí. Kà á. Bóyá wàá mọ ohun tó ń ṣe mí."

Ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti òrùka lé e lọ́wọ́. Àǹtí Oníwèé rí i láti orí àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ sáré lọ gbà á. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó padà sókè.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo títì, tó ń padà. Ìdí ni pé Ẹnjiníà kò dá gbé. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ló ń bá gbé, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Màmá Títíṣà ni wọ́n ń pè é. Kò sì sí oníbàárà tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó Màmá Títíṣà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ohun tó ń bà á lẹ́rù dé. Àbúrò wà nídìí káńtà, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu eruku. Ẹnjiníà wọlé, náílọ́nù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n." Ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí káńtà, ó wá kọjú sí àbúrò. "Mo ti kà á tán. Mi ò ka ìwé ìtàn mọ́ láti ilé ìwé, àmọ́ mo ka gbogbo ẹ̀. Mò ń wá ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́."

"Mi ò sọ pé o ṣẹ̀ mí."

"Ọkùnrin inú ti àkọ́kọ́, kì í jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ lanu sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ṣé mo máa ń pa ẹ́ lẹ́nu mọ́?"

"Rárá."

"Ti ìkejì, irọ́ ló ń pa kiri. Ṣé mo ti purọ́ fún ẹ rí?"

"O ò purọ́ fún mi rí."

"Ti ìkẹta, kì í gbọ́ nǹkan tí obìnrin yẹn bá sọ. Èmi rò pé mò ń gbọ́ tìẹ. Àbí mi ò gbọ́ ni? Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Omi lé ròrò sójú àbúrò. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé tí mo bá tẹ̀ lé ẹ lọ, mi ò ní bá ara mi pàdé mọ́."

Àǹtí Oníwèé gbé àkísà tó fi ń nu eruku kalẹ̀. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe ti àbúrò rẹ̀. Ó wà ní ìparí ìwé kejì, ó mọ apá ibi tó wà lójú ewé. Òun ló fi sí ọmọ náà lẹ́nu.

Ó lanu. Lóòótọ́ ló lanu, ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí, Màmá Títíṣà wọlé, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹnjiníà! O ní kí n dúró nínú mọ́tò, ṣé o fẹ́ kí ooru sè mí jinná ni?"

"Ẹ káàsán, mà," gbogbo wọn kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó rí ìwé lórí káńtà. Ó fi awò sójú, ó gbé ọ̀kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó sì pariwo ẹ̀rín. "Háà! Ta ló fẹ́ kẹ́rù níbí?"

"Mà?" Ẹnjiníà ní.

"Ìwé oníyẹ́lò mà nìyí! Mẹ́ta! Èmi tí mo ní ọkọ tó ń fi ìgbátí jí mi, ẹyọ kan ni Àǹtí fún mi, mo sì ti kó ẹrù mi jáde kí n tó kà á tán. Ta lẹ ń fún ní mẹ́ta? Ṣé kìnnìún ló fẹ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Màmá," àbúrò rọra bi í, "kí ni ìwé oníyẹ́lò?"

"Ìwọ tó ò ń gbé inú ilé yìí? Búlúù fún ẹni tó rẹ̀, pupa fún ẹni tó ń wá ìfẹ́, yẹ́lò fún ẹni tó yẹ kó fi ọkọ…" Ohùn ìyá náà wálẹ̀. Ó wo ìka àbúrò, ó wo Ẹnjiníà, ó wo Àǹtí Oníwèé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ohun tí mò ń rò nìyí."

Àbúrò ti gbé ìwé àkọ́kọ́. Ó fi ìka tọ́ téèpù tí etí rẹ̀ ti ká, níbi tí awọ ìwé ti ya.

"Ẹ fẹ́ bó o," ó ní. "Ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀. Ẹ fẹ́ bó o kí n má bàa mọ̀."

"Ire ẹ ni mò ń wá," Àǹtí Oníwèé ní.

"Má fi irọ́ lé irọ́, ìwọ obìnrin yìí!" Màmá Títíṣà jágbe mọ́ ọn. "Kí lọmọ yìí fi ṣe ẹ́?"

Ẹnjiníà kò jágbe. Ìyẹn ló dunni jù. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo fẹ́ wá bẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Àǹtí Oníwèé jókòó sórí páálí ìwé. Ilẹ̀ ló ń wò. "Mi ò fẹ́ kó lọ. Èmi nìkan ló máa kù. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àgbà ni mo jẹ́."

"Ṣé oníbàárà yín ni mo jẹ́ ni?" Àbúrò ti ń sunkún gidi. "Ẹ wò mí lójú, ẹ fún mi ní oògùn ẹni tí ọkọ ń lù! Ẹnu yín dà?"

Ẹnjiníà fọwọ́ sí àpò, ó mú òrùka jáde, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. "Tó bá jẹ́ pé ìwé ni, òun nìyí. Kò lọ síbì kan."

Àǹtí Oníwèé ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kó gbà á. Ẹ wo ayé! Òun tó gbé ìwé mẹ́ta dìde sí òrùka yìí.

Àbúrò na ọwọ́, ó sì fà á padà.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Nǹkan tó wà lọ́kàn mi báyìí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi àti èyí tí mo kà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ẹnjiníà dá òrùka padà sápò, ó sì di Màmá Títíṣà lọ́wọ́ mú jáde.

Ohun tí Àǹtí Oníwèé bà jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá jí aṣọ rẹ lè dá aṣọ padà. Báwo ló ṣe fẹ́ dá ọkàn àbúrò rẹ̀ padà fún un? Ó bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, àbúrò ní òun ti gbọ́, kó dìde. Wọ́n ń kíra, wọ́n ń jẹun, àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n bá ní "o ò ṣe wọ aṣọ búlúù yẹn", àbúrò á dúró, á wò ó, á sì lọ wọ òmíràn.

Ẹnjiníà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ lóun nìkan. Nígbà tó ṣe, àbúrò ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn eyín kan ní ìlú tí ọkùnrin náà wà. Ó gba yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò lọ fẹ́ ẹnikẹ́ni, òun ò sì sọ pé òun ò ní fẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun wo ọkùnrin náà láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí òun létí.

Àǹtí Oníwèé ṣì ń yan ìwé ìsinmi fáwọn èèyàn. Kò kó àwọn yẹ́lò dànù, torí àwọn tí ojú wọn ń wú kò tíì tán láyé. Àmọ́ kì í fi téèpù sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá gbé ọ̀kan lé yín lọ́wọ́, á sọ ọ́ síta: "Obìnrin inú èyí máa fi ọkọ sílẹ̀ o. Ṣé òun lẹ fẹ́?" Ó ní kí n sọ fún yín pé bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan dúró tì yín, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún un, kódà bí ohùn yín bá ń gbọ̀n, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ̀ bó bá fẹ́ kọ̀.

Òun náà sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò ń lọ ni, àpótí ńlá ti wà nínú mọ́tò, dírẹ́bà ti ń tẹ fèrè. Àǹtí Oníwèé ti ń rìn lọ, rìn bọ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti títì láti ìdájí. Ó wá dúró.

"Mi ò fẹ́ kó o lọ," ó ní. "Ẹ̀rù ilé yìí ń bà mí. Má lọ."

Àbúrò rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó dì mọ́ ọn gan-an.

"Ohun tí mo ti ń dúró kẹ́ ẹ sọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ká ní ẹ ti sọ ọ́ ni, à bá jọ wá nǹkan ṣe sí i. Ní báyìí, mo gbọ́dọ̀ lọ."

Ó wọ mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà ti ń yí mọ́tò nígbà tó yọ orí sójú fèrèsé.

"Ẹ wá kí mi tẹ́ ẹ bá ráyè," ó ní. "Ẹ má mú ìwé kankan dání."